Fọ́tò Èmi àti Kẹ́hìndé

Bàbá mi ọ̀wọ́n, ẹ̀yin tí ẹ ń lẹ táyà fún gbogbo Sekona, tí táyà ọ̀kadà tiyín kì í sì í ní afẹ́fẹ́,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní ìròyìn ayọ̀, mo sì ní ẹjọ́ tí mo fẹ́ bá yín rò. Ẹjọ́ ni màá kọ́kọ́ rò, torí ẹ mọ̀ pé mi ò lè mú nǹkan mọ́ra.

Ní pólì tí mò ń lọ, olùkọ́ wa pín wa ní mẹ́rin-mẹ́rin. Wọ́n ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mú ìkànnì mẹ́ta tí àwọn èèyàn máa ń kó fọ́tò sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ká fi wọ́n wéra: èwo ló ń yára gba fọ́tò, èwo ni kì í sọ ọ́ di bàìbàì, èwo ló mọ ojú èèyàn jù. Torí àwọn ìkànnì yìí máa ń wo ojú, Bàbá. Bí ẹ bá kó ọgọ́rùn-ún fọ́tò síbẹ̀, wọ́n á ṣa gbogbo èyí tí ẹ wà nínú rẹ̀ sójú kan, wọ́n á ní kí ẹ wá kọ orúkọ sí i.

Ẹ mọ̀ mí sí fáàrí. Mo ní màá mú fọ́tò tí yóò dàrú mọ́ gbogbo wọn lójú wá. Mo lọ yọ ti èmi àti Kẹ́hìndé lára ògiri pálọ̀, èyí tí àwa méjèèjì ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú àǹkárá kan náà. Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé ẹ gbé wa lọ yà á kí àìsàn tó mú Kẹ́hìndé lọ. Fọ́tò kan ṣoṣo tí mo ní tí ìkejì mi wà nínú rẹ̀ nìyẹn. Mo fi fóònù yà á, mo gbé e sórí ìkànnì àkọ́kọ́. Ó ní ẹnì kan ni. Ìkànnì kejì ní ẹnì kan ni. Ìkẹta náà bẹ́ẹ̀.

Mo ṣì ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tí Sàdíà, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ wa, fẹ fọ́tò náà lójú kọ̀ǹpútà. Bọ́tìnnì kan ti já lára aṣọ mi. Ó já lára ti Kẹ́hìndé náà, níbì kan náà. Àpá tí mo ní lókè ojú òsì, níbi tí mo ti ṣubú lu àpótí irinṣẹ́ yín, ó wà lójú òun náà. Sàdíà fi ìka tọ ìlà tó là fọ́tò náà láàárín.

Ìlà yẹn! Láti kékeré ni mo ti ń bi yín léèrè nípa rẹ̀. Ẹ ní ibi tó ti ká sí méjì nínú àpò yín ni. Ẹ̀yin tí ẹ kì í purọ́ fún oníbàárà nípa táyà! Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò bá a. Inú bí mi, Bàbá. Ṣe ló dà bíi pé Kẹ́hìndé tún ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?

Mo lọ bá Màámi. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́, wọn ò tiẹ̀ gbójú sókè.

“Ṣé o ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ni? Ojú ẹ náà ni méjèèjì.”

Wọ́n ní nígbà tí Kẹ́hìndé kú, mo máa ń pín oúnjẹ mi sí méjì, mi ò ní fọwọ́ kan èyíkéyìí, màá kàn jókòó tì í. Wọ́n ní ẹ pa iṣẹ́ tì lọ́jọ́ ọjà, ẹ gbé mi sórí ọ̀kadà, ó di ìlú Ara, lọ́dọ̀ onífọ́tò àgbà kan tó ṣì mọ bí wọ́n ṣe ń ya ìbejì tó bá ṣẹ́ ku ẹyọ kan. Ó gbé mi sápá òsì bẹ́ǹṣì, ó yà mí. Ó gbé mi sápá ọ̀tún, ó tún yà mí. Ó wá so méjèèjì pọ̀.

“Bàbá ẹ ní ọmọ àwọn ò ní í dá jókòó.”

Wọ́n ní lọ́jọ́ tí fọ́tò náà délé, mo gbé e síwájú abọ́, mo jẹun tán.

Mo tún fọ́tò náà wò. Èyí tó wà lápá ọ̀tún ń rẹ́rìn-ín sí ẹnì kan tí kò sí nínú fọ́tò. Ṣé ẹ̀yin ni? Ṣé ẹ̀ ń pa mí lẹ́rìn-ín kí n má baà sunkún ni?

Àwọn ẹgbẹ́ mi ní ká yọ ọ́ kúrò nínú iṣẹ́ wa, kí ojú má baà tì mí. Mo kọ̀. Lọ́jọ́ tí a ṣàlàyé, mo fi ẹ̀rọ gbé e sára ògiri gbàgàdà, tòun tìlà rẹ̀. Mo ní ìkànnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló gbà á, ẹnì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Mo wá sọ ohun tí ẹ ṣe fún wọn. Mo ní bàbá mi ni, táyà ni wọ́n ń lẹ ní oríta Sekona, wọn ò kàwé kọjá alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mò ń yangàn ni, Bàbá! Ó wù mí kí ẹ ṣì wà láyé, kí ẹ wà lẹ́yìn kíláàsì nínú ṣẹ́ẹ̀tì yín tí ọ́ìlì ti bà jẹ́. Olùkọ́ wa ní ká má tíì gbé e kúrò.

Ìkànnì kẹta gbà kéèyàn bá òun jiyàn. Mo tẹ̀ ẹ́ pé wọn kì í ṣe ẹnì kan náà. Mo kọ orúkọ mi sí ti òsì, mo kọ Kẹ́hìndé sí ti ọ̀tún. Láti ìgbà náà, tí mo bá ti gbé fọ́tò mi tuntun síbẹ̀, ojú rẹ̀ á dà rú. Lánàá, mo gbé èyí tí Sàdíà yà mí níwájú kíláàsì síbẹ̀. Ó bi mí bóyá Kẹ́hìndé ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ bá mi sọ fún Kẹ́hìndé pé ó ti wọ pólì. Kí ẹ má sì jẹ́ kó dá jókòó lọ́hùn-ún.

Èmi ni,
ọmọ yín tó jẹun tán.