Irin Ìdè Alùpùpù Alàgbà

Jímọ̀, 10 Oṣù Kẹwàá 2025
Mo de irin ìdè mọ́ iwájú alùpùpù ńlá Alàgbà Albert lónìí. Ràkúnmí ni mo ń pe alùpùpù náà, torí gígùn rẹ̀. Irin pẹlẹbẹ ni irin ìdè yìí, òun ló ń so ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì pọ̀ lókè táyà kó má baà máa gbọ̀n. Bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi: jẹ́ kí bóòtù dẹ̀ ná, jókòó lé e, tẹ iwájú rẹ̀ mọ́lẹ̀ léraléra títí ẹsẹ̀ méjèèjì á fi dúró déédéé, kó o tó dè é pinpin. Wọ́n ti ń pe ìrun. Mo kàn dè é pinpin ni. Wọ́ṣà tín-ín-rín méjì tó yẹ kí n fi dí àlàfo, kí irin má baà fún ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, ṣẹ́kù. Mo jù wọ́n sápò — mo ní iṣẹ́ ti parí.

Àìkú, 12
Alàgbà fi Ràkúnmí dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun wọn. Fọláwùmí, àbúrò ìyàwó rẹ̀ tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn, ló gbé ọsàn ìdúpẹ́ wá fún mi. Ọmọ tó máa ń kúnlẹ̀ kí mi nínú epo dúdú ṣọ́ọ̀bù mi. N kò lè jẹ ọsàn náà.

Ọjọ́rú, 15
Alàgbà dé, ẹsẹ̀ lásán, sùtánà lọ́rùn. "Gàníyù, machine yìí heavy o. Tí mo bá ti wọ kòtò ní Bompai, iwájú á kàn gan. Bí ẹni pé ẹnì kan dì í mú, wallahi." Mo ti ọwọ́ bàpò, mo fọwọ́ kan wọ́ṣà méjì yẹn. Ó ní kì í ṣe ẹjọ́ mi, ọwọ́ mi dáa, ayé ni. Òun ti bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta.

Ọjọ́bọ̀, 16
Ojo ni mí.

Àbámẹ́ta, 18
Aríran wọn ní obìnrin inú ilé ló di alùpùpù mú. Obìnrin méjì ló wà nílé Alàgbà, kò sì ní lé ìyàwó rẹ̀. Fọláwùmí ti wọ mọ́tò Ògbómọ̀ṣọ́ láàárọ̀. Nítorí wọ́ṣà méjì. Nítorí mi.

Ajé, 20
Mo lọ sílé Alàgbà láti jẹ́wọ́. Ohun tí mo bá lọ kọ́ ni mo sọ. Mo ní kí n kàn bá wọn yẹ bóòtù wò — mo tú u, mo fi wọ́ṣà sáyè wọn, mo jókòó lé e, mo tẹ̀ ẹ́ dáadáa, mo wá dè é. Alàgbà gùn ún dé Airport Road. Ẹ̀rín ló bá dé. "O ò rí i? Ọmọ yẹn lọ tán, machine fúyẹ́." Àtúnṣe tí mo yọ́ ṣe ló wá di ẹ̀rí mọ́ ọmọ ọlọ́mọ lọ́rùn. Ó ní kí n wá bá òun jẹ́rìí lọ́jọ́ Àìkú. Mo ní màá wá.

Àìkú, 26
Mo bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Mo jẹ́rìí — gbogbo rẹ̀, láti orí ìrun Jímọ̀ dórí wọ́ṣà. Kò sẹ́ni tó ké halelúyà. Alàgbà mú fóònù, ó pe Fọláwùmí lórí sípíkà níwájú gbogbo wa. Kó tó sọ ohunkóhun, a gbọ́ ohùn ọmọ náà: "Ẹ kú ọjọ́ Olúwa, Bọ̀ọ̀dá. Ṣé machine yín ti ń lọ dáadáa báyìí?"