Ààlà Tí Mo Fi Ẹnu Fà

Ajé, 3 Ẹrẹ́nà
Káńsù fẹ́ gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ márùn-ún. Kò sí ọ̀kan ní ìhà kejì odò, lọ́dọ̀ tiwa. Ogójì ilé! Ìyàwó mi, Ìyá Ilé, gun bèbè odò lẹ́ẹ̀mẹta lónìí, garawa lórí, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún. Mo ń lọ bá wọn.

Ìṣẹ́gun, 4
Akọ̀wé káńsù — Ẹ-Padà-Wá ni mo sọ ọ́ — ní kí n padà wá lọ́la.

Ọjọ́rú, 5
Ó ní lọ́la.

Ẹtì, 7
Mo gbé àpótí ìjókòó lọ. Mo gbé e kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, mo ń kí gbogbo ẹni tó ń wọlé: "Ẹ kú oríire o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ rí akọ̀wé bá sọ̀rọ̀!" Ojú tì í, ó yọ máàpù. Ó ti pọ́n bí eyín mi. "Bàbá, ẹ wò ó. Odò ni ààlà. Ìlú kejì lẹ wà." Mo ní ìlú kejì ò mọ̀ wá rí, ibí la ti ń dìbò. Ó ní máàpù kì í parọ́.
Lóòótọ́. Èmi ni mo pa á.

Àìkú, 9
Kí n kọ ọ́ sílẹ̀, bóyá àyà mi á fúyẹ́. Ó ti lé lógójì ọdún. Ìhà ọ́fíìsì káńsù ni mo ń gbé nígbà náà. Awọnlẹ̀ kan dé, òógùn bò ó, ó bi mí pé níbo ni ilẹ̀ wa parí sí. Orí òkè olókùúta ni, lẹ́yìn ilé bàbá Ìyá Ilé lódìkejì odò — ọmọdé mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bàbá náà ṣẹ̀ṣẹ̀ lé mi jáde ni, ó ní òun ò ní fi ọmọ fún aláwàdà. Ni mo bá nawọ́ sódò. "Ibẹ̀ yẹn ni, ọ̀gá." Mo lé baba arúgbó kúrò nílùú, kò sì mọ̀! Mo rẹ́rìn-ín délé.
Lọ́dún kejì ó yọ̀ǹda ọmọ. Ó tún fún mi nílẹ̀ ìkọ́lé. Lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 13
Ìpàdé káńsù. Mo dìde, mo jẹ́wọ́. Alága rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Bàbá yìí á pa èèyàn!" Mo búra. Ẹ̀rín tún le sí i. Ẹnì kan ní ṣebí èmi náà ni mo sọ pé àlejò pàtàkì ń bọ̀, tí wọ́n fi gbálẹ̀ títì látàárọ̀ dalẹ́. Èmi ni.
Ìyá Ilé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Ẹtì, 14
Kò bá mi sọ̀rọ̀.

Àbámẹ́ta, 15
Síbẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 18
Ó sọ̀rọ̀. "Bàbá mi fẹ́ràn yín títí ó fi kú." Ó mú ọ̀pá, ó lọ sí káńsù fúnra rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bá a ṣe ẹ̀fẹ̀. Awọnlẹ̀ ń bọ̀ ní Sátidé.

Àbámẹ́ta, 22
Awọnlẹ̀ tuntun dé, obìnrin ni. Ó bèèrè àgbà tó máa mú un lọ sí ààlà. Mo ti wọ bàtà. Alága ní: "Ẹnikẹ́ni, àfi Bàbá." Ìyá Ilé ní òun á lọ. Pẹ̀lú orúnkún yẹn! Mo fẹ́ tẹ̀ lé e. Alága ní: "Ẹ jókòó jẹ́ẹ́, Bàbá. Ẹ ti ràn wá lọ́wọ́ tó."
Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo ń wò wọ́n. Ìyá Ilé gòkè díẹ̀, ó dúró, ó tún gòkè. Ó lé ní wákàtí méjì kí n tó rí ọwọ́ rẹ̀ lórí òkè, tó ń tọ́ka.
Wọ́n ti kọ ààlà tòótọ́ sínú ìwé. Káńsù ní ká fún àwọn lóṣù mẹ́fà kí kànga tiwa tó dé. Orúnkún Ìyá Ilé ti wú bí ìkòkò, kò lè dìde, kò sì sí omi nílé.
Mo gbé garawa. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Mi ò mọ̀ rárá pé bèbè yẹn ga tó báyìí.