Ẹ̀wù Tó Fẹ̀ Jù Mí Lọ

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà

Èmi ni! Èmi ni wọ́n mú nínú ẹgbẹ́ òṣèré wa láti ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba nínú eré — kì í ṣe ẹni tí à ń pè ní Gírámà, tó kàwé dé yunifásítì. Èmi ọmọ ilé-ìwé abúlé.

Eré yìí ò ní pèpéle. Gbọ̀ngàn ilé ìwòsàn la ti máa ṣe é, láàárín àwọn aláìsàn, wọn ò sì ní mọ̀ pé eré ni. Nọ́ọ̀sì àgbà, àbúrò ọ̀gá wa, nìkan ló mọ̀. Màá kéde pé láti ọ̀la lọ, ẹni tí kò bá ní káàdì ìdìbò ò ní rí dókítà. A fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n á kọ̀. Ọ̀gá — Baba Òfin là ń pè é lẹ́yìn — ní òfin kan péré: a ò gbọdọ̀ jẹ́wọ́ láéláé.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Mo ṣe é! Ẹ̀wù kákí àlòkù lọ́rùn, fáìlì lábíyá, ohùn bíi ti ọlọ́pàá. Nínú ogójì èèyàn, ẹnì kan ló dìde: "Òfin burúkú wo nìyẹn?" Gírámà ni, ọ̀kan nínú wa tó jókòó bí aláìsàn. Àwọn tó kù sorí kọ́.

Ìyá kan tó wọ súwẹ́tà búlúù bi mí pé, "Ọmọ mi, tèmi ti sọnù. Ṣé kò sí ọ̀nà míì?" Mo ní kò sí, màmá. N ò tiẹ̀ ṣẹ́jú. Ó dìde, ó lọ.

Baba Òfin gbá mi lẹ́yìn: "Ìwọ ọmọ yìí, o ti di ìjọba!"

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Orí mi ṣì ń wú.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Nọ́ọ̀sì àgbà wá bá wa níbi ìdánrawò. Ìyá onísúwẹ́tà — aránṣọ ni — kò wá gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ láti ọjọ́ náà.

Mo ní ká lọ sọ fún un. Baba Òfin ní, "Kí o wá ba iṣẹ́ ọdún mẹ́sàn-án jẹ́?" Mo ní ẹ̀yin lẹ kọ́ mi níṣẹ́, sà, n ò ní bú yín níta láé. Ṣùgbọ́n màá lọ. Ó ní tí mo bá lọ, kí n má padà.

Gírámà ń wo bàtà ara ẹ̀. Akíkanjú ọjọ́sí!

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún

Mo rí ṣọ́ọ̀bù màmá. Mo kọjá níwájú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó dáa, ẹ̀rù ni.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Mo wọlé tèmi tẹ̀wù. Ẹsẹ̀ màmá wú lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Mo dọ̀bálẹ̀, mo jẹ́wọ́. Kò bú mi — ì bá sàn kó bú mi.

Ó fi téèpù wọn èjìká ẹ̀wù náà, ó wọn tèmi. "Ó fi ìka mẹ́ta fẹ̀ jù ọ́. Mo rí i lọ́jọ́ náà pé kì í ṣe tìẹ. Ọgbọ̀n ọdún nídìí ẹ̀rọ! Mo rí i, mo tún gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu."

Ó ká téèpù náà. "Lọ́la, wàá wọ̀ ọ́. Ibi tí o ti parọ́ ni wàá ti sòótọ́. Ojú ẹ ni màá ti gba oògùn mi."

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Mo sọ ọ́. Ọkùnrin kan ní ìgbátí ló tọ́ sí mi, ó sì fún mi. Màmá dìde: "Ó tó! Ta ló gbà á gbọ́ lọ́jọ́ náà?" Òun ló kọ́kọ́ nawọ́. Ọwọ́ ń gòkè níkọ̀ọ̀kan. Ní ẹ̀yìn gbọ̀ngàn pátápátá — Baba Òfin, fìlà lọ́wọ́.

Màmá gba oògùn. Etí mi ń hó, orí mi sì wú ju tọjọ́ kìíní lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún

Baba Òfin ránṣẹ́: kí n padà wá, kí n mú ẹ̀wù dání. Òfin ti yí. A ò ní kúrò níbì kankan mọ́ láìjẹ́wọ́.

Mo sáré gbé ẹ̀wù lọ bá màmá kó bá mi dín in. Ó tì í padà sí mi láyà.

"Jẹ́ kó fẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tójú ẹ̀ bá ríran gbọ́dọ̀ rí nǹkan tó máa fi mú ọ."