Ọdún Kan Tí Ẹ Fi Kún Ọjọ́ Orí Àánú

Dádì mi,

Ẹ kú ìsinmi o. Mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ràn kí èèyàn máa fi ìkíni fa ọ̀rọ̀ gùn, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: wọ́n ti mú Àánú! Ọmọ-ọmọ yín tí ẹ fi igi gúáfà ẹ̀yìnkùlé gbẹ́ ọ̀pá họ́kì àkọ́kọ́ fún, òun náà ló ń lọ gbá họ́kì fún ìpínlẹ̀ wa ní Mínà lọ́jọ́ Sátidé. Ìròyìn ayọ̀ nìyẹn. Èyí tó kù, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ, nítorí ọ̀rọ̀ yín wà níbẹ̀, mo sì ti sọ ọ́ níta.

Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bí líìgì àwọn ọmọdé ṣe ń lọ. Mi ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ nígbà yẹn. Ẹ gbé mi jókòó sórí bẹ́ńṣì ní sitéṣọ̀n rélùwéè, ẹ ní kí n wo ojú irin. Ẹ ní bí ọkọ̀ ojú irin ni líìgì rí, kò lè dé ibi tó ń lọ láì dúró ní sitéṣọ̀n kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ Ọ̀fà á kọ́kọ́ bá ti Ìjàgbò àti ti Ẹ̀rìn-Ilé gbá a, àwa á lọ bá wọn, àwọn náà á wá bá wa. Ẹni tó bá ṣáájú á wọkọ̀ dé Ìlọrin, níbi tí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ti ń pàdé. Ìlọrin ni wọ́n ti ń ṣa àwọn tó dáa jù fún ìpínlẹ̀. Ìpínlẹ̀ wa á wá bá àwọn tó yí wa ká pàdé ní Mínà, ẹni tó bá sì borí níbẹ̀ á lọ kojú àwọn ẹkùn yòókù lórílẹ̀-èdè. Ẹ tún ní yàrá yàrá ló wà nínú ọkọ̀ náà: yàrá àwọn tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá, ti àwọn tí kò tíì pé mẹ́rìnlá, ti àwọn tó dàgbà díẹ̀ jù wọ́n lọ. Ẹni tó bá jókòó sí yàrá tí kì í ṣe tirẹ̀, ẹ ní kí wọ́n já a sílẹ̀ ní sitéṣọ̀n tó kàn.

Bákan náà ló rí lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi Káyọ̀dé ní Kánádà. Ó fi fídíò ọmọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, họ́kì orí yìnyín. Yìnyín gidi, Dádì! Wọ́n di ọmọ náà bí ẹrù tó fẹ́ wọkọ̀ òfúrufú. Ẹ̀gbọ́n mi ní láti àdúgbò dé ìlú, dé ẹkùn, ọdún tí wọ́n bí ọmọ sí ni wọ́n fi ń pín wọn. Àánú wò ó títí, ó ní, “Àwọn yìí ò tiẹ̀ jẹ eruku rí.”

Ta ló wá mọ òfin ọjọ́ orí yẹn jù yín lọ? Ẹ̀yin tí gbogbo ìlú ń pè ní Tíṣà ni wọ́n fi ṣe olùyẹ̀wò. Mo ṣì ń rí yín: orógbó ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, fèrè lọ́rùn, ìbọ̀sẹ̀ tí ẹ fà dé orúnkún, ìwé ńlá yín lábẹ́ apá. Ẹ kì í torí pé ọmọ mú ìwé ọjọ́ ìbí wá kí ẹ gbà á gbọ́. Ẹ ó bi í jẹ́jẹ́, bí ẹni ń ṣeré, ta ni tíṣà rẹ̀ ní praimárì wáànù, ọdún wo ló sì kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọmọ tó bá ń parọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìka ọwọ́. Ẹni tí ẹ bá mú, sáà kan gbáko ló máa fi jókòó sórí bẹ́ńṣì, ẹ ó sì fi bíìrò pupa kọ orúkọ rẹ̀ sẹ́yìn ìwé. Nígbà tí ẹ lé ọmọbìnrin tó ń gbá góòlù wọlé fún Ọ̀fà wa yìí gan-an, àwọn èèyàn ní Ìjàgbò ló gbà yín síṣẹ́. Títí dòní, bí ọmọ kan bá ń ṣe bí àgbà lórí pápá, àwọn yòókù á pariwo pé, “Ẹ bi í ní ìbéèrè Tíṣà!”

Wàyí o, fọ́ọ̀mù Mínà dé. Àǹtí Rísì, tó jẹ́ ọmọ iléèwé yín, tó ti di kóòṣì àwọn ọmọ wa báyìí, ló mú un wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi. Yàrá àwọn tí kò tíì pé mẹ́rìnlá ni Àánú wà. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni, èmi tí mo bí i ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé ọjọ́ ìbí rẹ̀, èyí tí ẹ̀yin fúnra yín lọ búra gbà ní kóòtù nígbà tó fẹ́ wọ iléèwé, sọ pé ó ti pé mẹ́rìnlá. Látìgbà tí ẹ ti lọ, kò sẹ́ni tó ń wo ìwé mọ́ láti ibí dé Ìlọrin. Mínà ló ń béèrè rẹ̀.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí ìwé yẹn ti wà lọ́wọ́ mi, mi ò kà á rí. Ẹ mọ̀ mí. Ìwé tí ẹ bá ti fọwọ́ sí, kí ni mo tún fẹ́ kà nínú rẹ̀?

Ìgbà yẹn ni mo rántí. Iléèwé ní Àánú kéré, pé ó gbé ọwọ́ gba orí kọjá, ọwọ́ ò kan etí. Ẹ̀yin sì fẹ́ kí n rí àyè lọ lẹ́sìnì, kí n lè wọ Pólì. Lọ́sẹ̀ kejì, ọmọ ti wọ iléèwé. Mi ò béèrè bó ṣe wọlé. Dádì, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ tèmi náà: ọdún tí ẹ bá mi jí yẹn, mi ò fi kàwé. Bí mo bá ní lẹ́sìnì ni mò ń lọ, ọ̀dọ̀ bàbá Àánú ni mò ń lọ. Ṣé ẹ mọ̀? Ṣé torí ìwé yẹn náà ni ẹ kò fi jẹ́ kí ọmọ wọ ẹgbẹ́ nígbà ayé yín, tí ẹ̀yin àti òun nìkan ń gbá a lẹ́yìnkùlé?

Ọ̀rọ̀ náà ò tiẹ̀ jọ Àǹtí Rísì lójú. Ó bú sẹ́rìn-ín. “Kí ló ń bà ọ́ lẹ́rù? Lọ gba ìwé mìíràn. Gbogbo ayé ló ń gé ọjọ́ orí tiwọn, tìẹ nìkan ló gùn! Ẹlòmíì ti lọ́kọ lọ́hùn-ún, wọ́n ṣì ń pè é lọ́mọ ọdún méjìlá.”

Mo ní, “Àǹtí, ọmọ-ọmọ Tíṣà ni. Bí ìwé tuntun bá jáde lọ́sẹ̀ tí fọ́ọ̀mù dé, kí ni wọ́n máa sọ?”

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. “Wọ́n á ní ẹ gé e.”

Àbí ẹ rí i? Yálà kí ọmọ mi jókòó sílé, tàbí kí n dúró níwájú èèyàn, kí n sọ pé bàbá mi tó ń lé ọmọ ọlọ́mọ kúrò lórí pápá, irọ́ lòun náà búra sí.

Mo sá lọ bá Mọ́mì. Wọ́n ní, “Ilé ìgbẹ̀bí tí o bí i sí ti di ilé sìmẹ́ńtì. Lọ wo àpótí bàbá rẹ. Ọkùnrin tó ń kọ iye ìgbà tí iyọ̀ pọ̀ lọ́bẹ̀ mi sílẹ̀, ṣé ó máa gbàgbé láti kọ ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ-ọmọ rẹ̀?”

Òótọ́ ni. Mo rí i nínú ìwé ńlá yín, létí ojú ìwé ìdíje kan, Ọ̀fà pẹ̀lú Ìjàgbò. Ọjọ́, oṣù, ọdún, gbogbo rẹ̀ pé. Ẹ kọ ọ́ pé: “Ìsinmi ìlàjì eré. Wọ́n ránṣẹ́ wá. Ọmọ mi ti bí obìnrin, àlàáfíà ni.” Nínú gbogbo ìwé yẹn, ìdíje yẹn nìkan ni ẹ ò kọ ẹni tó borí.

Mo wá ṣí ẹ̀yìn ìwé, níbi tí àwọn orúkọ pupa wà. Orúkọ yín ló gbẹ̀yìn. Ẹ kọ ọ́ pé pérépéré, bí ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí. Ẹ̀sùn: ó fi ọdún kan kún ọjọ́ orí ọmọ-ọmọ rẹ̀, kí ìyá ọmọ lè rí àyè kàwé. Ìdájọ́: sáà kan lórí bẹ́ńṣì.

Sáà tí ẹ ní orúnkún ń dùn yín! Sáà tí ẹ ò fun fèrè rárá, tí Mọ́mì ń fi róòbù ra orúnkún yín láràárọ̀. Mo kà á fún wọn. Wọ́n ní, “Orúnkún wo? Ṣé èyí tó fi ń gun kẹ̀kẹ́ lọ Ìjàgbò? Gbogbo róòbù mi! Tíṣà, a ó pàdé lọ́run.” Wọ́n fi etí ìró nu ojú. Wọ́n wá ní, “Gbé e lọ. Òun ló kọ ọ́, kì í ṣe ìwọ.”

A gbé e lọ bá ìgbìmọ̀ họ́kì ìpínlẹ̀ ní Ìlọrin. Àánú ló gbé ìwé. Màmá tó jẹ́ alága wọn kà á tán, wọ́n yọ awò ojú, wọ́n ní kí n kà á sókè kí gbogbo wọn gbọ́. Dádì, mo kà á. Mo pe orúkọ yín, mo ka ẹ̀sùn, mo ka ìdájọ́. Bàbá kan lẹ́yìn ní, “Tíṣà Ọ̀fà? Ọkùnrin yẹn lé mi kúrò lórí pápá nígbà tí mo wà lọ́mọdé! Ó tún jókòó sórí bẹ́ńṣì fúnra rẹ̀?” Ló bá bú sẹ́rìn-ín, gbogbo wọn bá a rín in. Òun náà ló bi Àánú ní ìbéèrè yín. Ọmọ náà dá a lóhùn láì ka ìka kankan. Wọ́n ní kí n lọ búra tuntun ní kóòtù, mo lọ, wọ́n sì lu òǹtẹ̀ sí fọ́ọ̀mù rẹ̀.

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wa bọ̀ wálé, Àánú ní, “Ṣé Bàbá Àgbà parọ́ ni?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

“Wọ́n sì jókòó sáà kan?”

“Wọ́n jókòó.”

“Ó tán nìyẹn,” ló wí, ó sì sùn lé mi léjìká.

Èmi ò sùn ní tèmi. Ọ̀nà Mínà jìn. Kí ni wọ́n máa fún wọn jẹ? Ta ló máa rán an létí pé kó wọ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ dé orúnkún? Mo ti di ẹrù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, mo tú u lẹ́ẹ̀mẹta. Fèrè yín wà nínú rẹ̀, mo fi aṣọ wé e.

Mo fi bíìrò tèmi fa ilà kan sábẹ́ orúkọ yín nínú ìwé náà, mo kọ ọ́ pé ó ti parí. Ẹ má bínú pé mo kà yín síta. Sáà yín ti pé tipẹ́, orúnkún yín sì ti san. Ẹ dìde lórí bẹ́ńṣì, Dádì. Ọmọ yín ń bọ̀ wá sórí pápá.

Èmi tí ẹ rán lọ lẹ́sìnì tí kò lọ, tí ìfẹ́ yín ò sì kúrò lọ́kàn rẹ̀,
Ọmọ yín.