Làálì Lọ́wọ́ Ọmọláńgidi

Jímọ̀, 3 Oṣù Kẹwàá 2025
Ìwé tuntun. Prámárì mẹ́ta péré ni mo kà, àmọ́ ohun tí mo bá kọ, èmi fúnra mi lè kà á. Ó tó.

Àyúbà ọmọ mi wá láti Olówóòrà. Ọ̀gá Ẹ̀sítéètì ni mo ń pè é. Ó tún gbé ọ̀rọ̀ náà dé: kí n kúrò nílé mi ní Kétu, kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Ó ní, Mummy, kí lẹ tún ń ṣe níbí? Làálì tí ẹ ń lé fún ìyàwó, sítíkà ni wọ́n ń lẹ̀ báyìí. Òótọ́ ni. Ìyẹn ló dùn mí. Ogójì ọdún ni mo fi lé làálì fún ìyàwó, Kétu títí dé Ìkòsí.

Mo ní iṣẹ́ tuntun ti dé. Irọ́ ni. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní tí iṣẹ́ náà bá dúró kí oṣù tó parí, òun á fi mí sílẹ̀. Tí kò bá dúró, òun á gbé ọkọ̀ ẹrù wá. Mo ní a ti gbà bẹ́ẹ̀.

Àìkú, 5
Alhamdulillah. Irọ́ mi ti di òótọ́.

Joanna, ayálégbé mi tó ń ṣe kéèkì lókè — Ìyá Kéèkì ni mo ń pè é — gbé ọmọláńgidi méjì wá. Funfun báláú, wọn ò ga ju ìka àárín mi lọ. Ọkùnrin kan ní Anthony ló ń wo fọ́tò ènìyàn, tó ń fi ẹ̀rọ ṣe wọ́n. Orí kéèkì ìgbéyàwó ni wọ́n ń gbé wọn lé. Ó ní, Mama, ẹni tó ń bá mi kùn wọ́n ò lè ṣe eléyìí. Ìyàwó ní làálì gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ òun.

Ọwọ́ ọ̀hún, kò tó hóró ìrẹsì méjì.

Mo ní kó gbé e sílẹ̀.

Ọjọ́rú, 8
Búrọ́ọ̀ṣì tí Ìyá Kéèkì kó wá, ògiri ni wọ́n fi ń kùn. Mo ṣẹ́ ẹyọ ìgbálẹ̀ kan, mo fi bíléèdì gbẹ́ ẹnu rẹ̀, bí mo ṣe ń ṣe é fún làálì. Mo dán an wò lórí èékánná mi. Ọwọ́ ò gbọ̀n. Ojú ló ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Dígí ojú méjì ni mo wọ̀ léra wọn — ilẹ̀kùn wà ní títì.

Ìṣẹ́gun, 14
Ọmọláńgidi ìdánwò tí Ìyá Kéèkì kó wá, mẹ́ta ti bàjẹ́. Ọ̀kan ń wò bí ẹni tí olè ká mọ́lé. Ìyá Kéèkì rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín, nígbà tó lọ tán.

Ọjọ́bọ̀, 16
Ìkẹrin dára. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Ọjọ́rú, 22
Mo ti parí wọn. Ọkọ, Ọlámilékan, pẹ̀lú fìlà rẹ̀. Ìyàwó, Faridah, pẹ̀lú ìbòrí aláwọ̀ wúrà. Òdòdó méjì tí mo fi ọ̀dà yà lẹ́yìn ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ka tín-ín-rín kan tó dé orí ìka. Mi ò rò pé mo ṣì lè ṣe é. Ọlá Ọlọ́run ni.

Ọ̀la ni Joanna máa gbé wọn. Àbámẹ́ta ni nìkáì, ìsoyìgì wọn. Mo tò wọ́n sórí tábìlì kí wọ́n gbẹ.

Ọjọ́bọ̀, 23
Mo ti fi ọwọ́ ara mi bà á jẹ́.

Mo kí àsùbáà tán, mo gbé ìyàwó. Ọwọ́ mi kàn ń ṣe ohun tó ti ń ṣe láti ogójì ọdún: làálì tó bá ti sùn lára, tílẹ̀ bá mọ́, à á họ ọ́ dànù, à á fi omi ṣàn án, kí pupa rẹ̀ lè yọ. Mo fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ họ ọ́. Mo da omi sí i. Mo wá ń retí pupa.

Funfun ló yọ. Òdòdó lọ, àwọ̀ ara bá a lọ, títí dé ìgbọ̀nwọ́.

Mo rò ó pé kí n sọ pé ológbò ni. Mi ò ní ológbò. Mo rò ó pé kí n ní ọ̀dà ni kò dára. Ọkọ̀ ẹrù Àyúbà ń lọ, ó ń bọ̀ lójú mi.

Mo gun àtẹ̀gùn — orúnkún yìí, láti ọdún Kòrónà — mo sọ ọ́ bó ṣe rí. Ìyá Kéèkì ò pariwo. Ó ní, Mama, ẹ fọ ìyàwó? Mo ní mo fọ̀ ọ́. Ó ní, ó kúkú yẹ kó wẹ̀ kó tó lọ sílé ọkọ. Mi ò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun lè dúró dìgbà ìrun Jímọ̀ lọ́la. Tó bá kọjá ìyẹn, òdòdó ṣúgà lòun á gbé lé kéèkì.

Ọlọ́run ló fi ọmọ yìí ṣe ayálégbé mi.

Jímọ̀, 24
Ilẹ̀ mọ́ kedere, mo jókòó ti fèrèsé. Mo gbé ìgbọ̀nwọ́ lé ìrọ̀rí. Mo dá èémí dúró, mo fa ìlà kan. Mo mí. Mo tún fa ìkan. Wọ́n ń pe ìrun nígbà tí mo gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Mo ní kí Ìyá Kéèkì tètè gbé wọn kúrò níwájú mi kí n tó tún fọ nǹkan.

Ní ìrọ̀lẹ́ Faridah fúnra rẹ̀ wá wo kéèkì. Ló bá sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi, ọmọ tí mi ò rí rí. Ó ti bó sítíkà ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, Grandma, ẹ jọ̀ọ́, ti ọmọláńgidi yẹn gan-an ni mo fẹ́. Mo po làálì, mo lé e fún un. Mo ní kó fọ̀ ọ́ láàárọ̀. Mo ní èyí ni wọ́n ń fọ̀.

Àbámẹ́ta, 25
Wọ́n ti so yìgì. Ìyá Kéèkì ní ènìyàn méjì ti béèrè mi nídìí kéèkì: Aliyah fẹ́ ọmọláńgidi ìyá-ìyá rẹ̀, Bánjí fẹ́ ti àwọn òbí rẹ̀. Mo dúpẹ́ títí orí mi wú.

Àìkú, 26
Àyúbà dé. Ọkọ̀ ẹrù gidi ló gbé wá, awakọ̀ dúró lẹ́nu géètì. Ó bá mi lẹ́nu iṣẹ́. Ìyá-ìyá Aliyah, tí ọkùnrin Anthony fi ẹ̀rọ ṣe mọ́jú — mo ń kun ojú. Mi ò gbórí sókè.

Ó sún mọ́ mi. Ó wo ọwọ́ mi pẹ́. Ó jáde. Mo gbọ́ tí ọkọ̀ ọ̀hún yí padà lọ. Ó tún wọlé, fóònù lọ́wọ́. Fọ́tò bàbá rẹ̀, ọkọ mi tó ti kú láti ọdún mọ́kànlá. Ó ní, Mummy, ṣé ẹ lè bá mi kun Daddy? Ohùn rẹ̀ kéré gan-an.

Mo ní mo lè ṣe é. Mo ní àmọ́ Aliyah ló wà lọ́wọ́, Bánjí ló tẹ̀ lé e, kó tò. Mo na bébà tí mo kọ orúkọ àwọn tó níṣẹ́ sí sí i.

Ó kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ ti Bánjí.