Igi Ayín Tí Mo Fi Ránṣẹ́ sí Ìsọlọ̀

Abúlé Aráròmí,
lẹ́bàá Ìkọ̀lé-Èkìtì.

Morọ́lá ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà, ṣé àwọn ọmọ ń jẹun? Àwa náà ń bẹ, orúnkún ìyá rẹ nìkan ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí iná kú mọ́ wa lọ́wọ́ kò ní jẹ́ kí tìrẹ kú, àmín.

Láti ọjọ́ Àìkú tí a ti rí ojú rẹ nínú fóònù Tíṣà Babáṣọlá ni oorun ò ti kùn mí, ìdùnnú ni. Àṣé igi náà lẹ fi ń ṣe búrẹ́dì l'Ékòó! Èmi rò pé bọ́tìnnì lẹ ń tẹ̀ tí búrẹ́dì ń jáde ni. O ní gáàsì ti wọ́n jù, pé àwọn tó ń yan ẹja ní Mafoluku pàápàá ti padà sídìí igi. Mo ti sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Oko àti igi ni gbogbo ohun tí mo mọ̀ láyé, mo sì ti gbà tẹ́lẹ̀ pé kò sí nǹkan tí mo tún lè kọ́ ìwọ tó kàwé.

Àmọ́ igi tí wọ́n tà fún ọ tutù. Bí o ṣe gbé fóònù súnmọ́ ààrò tó ń rú èéfín, ìyá rẹ fi aṣọ bo imú, èmi sì ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ojú fóònù kí iná lè ràn. Ó ti fẹ́ máa ràn kí gbogbo rẹ̀ tó ṣókùnkùn. Tíṣà ní nẹ́tíwọọ̀kì ló lọ, mo kàn ń wò ó ni, nítorí èéfín ló dí fóònù náà lọ́fun. A gbé e síta kó gba atẹ́gùn, ó sì yè.

O ní bí inú búrẹ́dì ò bá tún jinná lọ́sẹ̀ yìí, àwọn oníbàárà rẹ ní Aswani yóò lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, wàá sì ti ilé búrẹ́dì rẹ pa. Kò ní rí bẹ́ẹ̀. Súbérù tó ń kó iṣu wá sí Èkó ń gbé igi ayín bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, ó ti gbẹ fún ọdún mẹ́fà. Má kó o kún ààrò o, mẹ́ta mẹ́ta ni kí o máa kì í, kí atẹ́gùn ráyè wọlé.

Jọ̀wọ́, fún Súbérù lówó epo ọkọ̀, kí o sì fi owó ìpara orúnkún ìyá rẹ lé e lọ́wọ́. Má fi ránṣẹ́ gba inú fóònù, ara rẹ̀ ò tíì yá.

Ìyá rẹ ní kí n má sọ ibi tí igi náà ti wá, ṣùgbọ́n n kò lè purọ́ fún ọmọ. Òun ni mo tò sẹ́yìn ilé kí ẹ lè fi se oúnjẹ ìsìnkú mi, kí ẹ má baà máa wá igi kiri. Má sunkún sínú ìyẹ̀fun. Mo ti gé òmíràn lánàá, ọdún mẹ́fà ni yóò fi gbẹ, a kì í sì í fi igi tútù ṣe ìnáwó àgbà. Olúwa yóò bù sí i fún ọ, ọwọ́ rẹ kò ní balẹ̀ lásán.

Èmi ni baba rẹ tí kò tíì fẹ́ lọ síbì kankan,
Abíọ́nà.