Ìwé Adájọ́ Tó Wà Nínú Àpótí Mi

Ọmọ mi,

Télọ̀ iwájú ilé wa ló ń bá mi kọ ọ́, nítorí náà bí o bá rí ọ̀rọ̀ dídùn níbẹ̀, tirẹ̀ ni. Ṣé ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ-ọmọ mi wà dáadáa? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín kọ, kí ó má jẹ́ kí a wá yín tì. Èmi wà láyé. Orúnkún ń ro mí, ewúrẹ́ bí méjì, ọ̀kan kú. Ó tán.

Àbúrò rẹ ṣì wà ní àgọ́ ọlọ́pàá, òní ló pé ọjọ́ mẹ́sàn-án. O mọ̀ pé oníbàárà rẹ̀ ni wọ́n ń wá, ọkùnrin tó ní kí ó kan ibùsùn fún òun. Nígbà tí wọn kò rí i, wọ́n ní kí káfíńtà máa bọ̀ títí onítọ̀hún yóò fi yọjú. Oògùn tó máa ń fà sẹ́nu bí èémí rẹ̀ bá há, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbé e lọ, ẹni tó wà lẹ́nu káńtà ní kí n gbé e padà. Mo bi í pé ṣé wọ́n ti èémí náà mọ́lé ni.

Lọ́yà obìnrin tí o rán sí wa ń gbìyànjú. Ó ní ìwé òfin ilẹ̀ yìí sọ pé ọlọ́pàá kò gbọdọ̀ ti ènìyàn mọ́lé ju ọjọ́ kan sí méjì lọ láìgbé e dé iwájú adájọ́, wọn kò sì gbọdọ̀ mú ẹnì kan dípò ẹlòmíràn. Mo ní ta ló kọ orúkọ tiwa sínú ìwé náà, nítorí èmi kò tẹ̀ka sí nǹkan kan. Ó ní kò sí pé à ń tẹ̀ka, pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí wa ló ti jẹ́ tiwa. Mo ní ṣé àwọn ọlọ́pàá mọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìdí tí kóòtù fi wà nìyẹn. Ó tinrín jù, ẹ máa fún un lóúnjẹ.

Níjẹta ló mú ìwé adájọ́ dé, òǹtẹ̀ pupa wà nídìí rẹ̀, pé kí ọlọ́pàá gbé àbúrò rẹ wá síwájú adájọ́ lọ́la yìí, aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀. Ó ní kí n tọ́jú rẹ̀ bí ojú mi, pé ẹnì kan ń bọ̀ láti kóòtù tí yóò gbà á lọ sí àgọ́. Mo fi ọ̀rá wé e, mo tì í mọ́ inú àpótí.

Lánàá ni ẹnì kan dé lórí ọ̀kadà, ṣẹ́ẹ̀tì lásán, sálúbàtà lẹ́sẹ̀, ó ní òun wá gba ìwé. Mo ti rí àwọn ará kóòtù lára kàlẹ́ńdà tí lọ́yà fún mi: aṣọ dúdú gbọọrọ, irun funfun lórí. Mo mọ̀ pé ọlọ́pàá ló rán an wá jí i. Mo ní ìwé wo? Mo da omi ọṣẹ lé e lẹ́sẹ̀, ó lọ. Láti àárọ̀ ni mo ti ń wọ̀nà, onírun funfun kò tíì dé.

Télọ̀ ti gbé bírò sílẹ̀. Ó ní, “Màmá, akódà kóòtù lẹ lé yẹn. Àwọn kì í dé irun.”

Mo ní kó kọ ọ́ síbẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó ní òun máa ya lẹ́tà yìí ní fọ́tò, kó lè bá ọ lórí fóònù rẹ, torí o kì í gbé ìpè níbi iṣẹ́. Ìwọ nìkan lo ní nọ́ńbà lọ́yà. Pè é kí o tó ṣe ohunkóhun. Kí ó dá ọkùnrin náà padà lónìí, kódà bó bá wá láìwọ bàtà, màá fún un. Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ kí n lè dé kóòtù lọ́la. Ọlọ́run yóò máa ṣílẹ̀kùn fún ọ. Mo ti gbé àpótí sẹ́nu ọ̀nà, orí rẹ̀ ni mo jókòó lé.

Lẹ́yìn lọ́yà, sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ. Má sọ fún ìyàwó àbúrò rẹ pé èmi ni mo lé akódà. Èmi ni màá sọ fún un fúnra mi, lójú ọkọ rẹ̀.